Oògùn Ṣáínà fún Fáíbíródì: Ẹ Wọn Ẹ̀jẹ̀ Kí Ẹ Tó Ra Ìgò

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá sí ojú ewé ìlera lọ́tẹ̀ yìí, ó ti pẹ́ tí a ti ń fà á sẹ́yìn nítorí pé ọ̀rọ̀ abẹ́ aṣọ ni. Ṣùgbọ́n ìbéèrè ti pọ̀ jù. Ó ṣọ̀wọ́n kí àsàlátù ọjọ́ Àìkú parí kí ìyá kan má fà wá sí ẹ̀gbẹ́ ògiri mọ́sáláásí, kí ó yọ páálí tí wọ́n fi èdè Ṣáínà kọ láti inú báàgì, kí ó sì rọra béèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́ o, wọ́n ní èyí máa ń yọ́ fáíbíródì. Ṣé òótọ́ ni?"

Bí a bá dárúkọ Ìtòkú, nǹkan méjì ló ń wá sọ́kàn ọmọ Abẹ́òkúta: àdìrẹ àti egbòogi. Àwọn ẹlẹ́wé-ọmọ àti lékulẹ́jà wa ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ nínú wa. Bí ẹ bá ní kí wọ́n di egbòogi ìju fún yín (ìju ni àwọn ìyá àgbà ń pe kókó inú ilé ọmọ kí orúkọ fáíbíródì tó gbòde), wọ́n á kó ẹ̀ẹ̀rù, ìyèrè, kànáfùrù àti oríṣiríṣi èèpo igi pọ̀ sínú ọ̀rá fún yín. Láti ọdún mélòó kan ni ọjà mìíràn ti dé bá wọn níbẹ̀: kápúsù, tíì oníyẹ̀fun àti ìgò olómi láti ilẹ̀ Ṣáínà. Wọ́n ń polówó wọn lórí rédíò, wọ́n ń fi àwòrán wọn ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ọ̀rẹ́ ń tà á fún ọ̀rẹ́, àbúrò ń tà á fún ẹ̀gbọ́n.

Àwọn aláàdìrẹ wa ti pariwo títí lórí aṣọ tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ ní Ṣáínà tí wọ́n ń kó wọlé bí àdìrẹ. Ṣùgbọ́n aṣọ kò lè tan ìyá aláàdìrẹ jẹ. Yóò yí i padà wo ẹ̀yìn rẹ̀, yóò fọwọ́ pa á, yóò gbóòórùn èlú. Ta ló lè yí kápúsù padà wo ẹ̀yìn rẹ̀? Ìdí nìyí tí a fi jókòó ti ọ̀rọ̀ náà.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí fáíbíródì jẹ́. Kì í ṣe ìdọ̀tí tó kó jọ sínú, kì í sì í ṣe ohun tí ayé fi ránṣẹ́ síni. Ẹran ara ilé ọmọ fúnra rẹ̀ ló hù jọ di kókó. Ohun tó ń bọ́ ọ ni estrogen àti progesterone, àwọn èròjà tí ara obìnrin ń pèsè láti ìgbà tí nǹkan oṣù ti bẹ̀rẹ̀ títí di ìgbà tí yóò dúró. Ó wọ́pọ̀ lára àwa aláwọ̀ dúdú púpọ̀. Ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 2003 fi hàn pé kí obìnrin aláwọ̀ dúdú tó pé ọmọ 50 ọdún, ó ju 80 lọ nínú ọgọ́rùn-ún wọn tí fáíbíródì ti yọ lára wọn. Ọ̀pọ̀ kò mọ̀ rárá, nítorí kò yọ wọ́n lẹ́nu. Ó sì ṣọ̀wọ́n gidigidi kí a rí kókó tó jẹ́ jẹjẹrẹ láàárín wọn.

Ibi tí kókó náà jókòó sí ló ṣe pàtàkì ju títóbi rẹ̀ lọ. Èyí tó yọrí sínú ihò ilé ọmọ lè kéré bí ẹ̀wà kí ó sì máa da ẹ̀jẹ̀ bí omi ẹ̀rọ. Èyí tó yọ sí ẹ̀yìn ilé ọmọ lè tóbi bí ọsàn kí obìnrin náà má mọ̀ ju pé ìtọ̀ ń gbọ̀n ọ́n lóòrèkóòrè. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá sọ fún yín pé oògùn kan wo ti Ìyá Lágbájá sàn, ẹ bi í pé irú èwo ni ti Ìyá Lágbájá, àti pé ọmọ ọdún mélòó ni ìyá náà. Fáíbíródì máa ń súnkì fúnra rẹ̀ lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá dúró. Obìnrin tó bẹ̀rẹ̀ oògùn ní ọmọ ọdún 48 tí ó mu ún fún ọdún mẹ́ta, ọjọ́ orí lè ṣe iṣẹ́ náà tán kí ìgò gba ìyìn.

Nísinsìnyí, ṣé irọ́ ni oògùn Ṣáínà? Rárá o. A kò ní tẹ́ńbẹ́lú ìmọ̀ tó gba ẹ̀mí àwọn ọmọ wa là. Oògùn ibà oníhóró 24 tí gbogbo wa ń gbé mì, láti ara ewé Ṣáínà kan tí wọ́n ń pè ní qinghao ni ìmọ̀ rẹ̀ ti ṣẹ̀. Ìyáàfin Tu Youyou, tí òun náà jẹ́ apòògùn bíi tiwa, ló ṣáájú iṣẹ́ náà, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní 2015. Ṣùgbọ́n kí ewé yẹn tó di oògùn, wọ́n yọ ohun tó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n dán an wò lára ẹranko, òun fúnra rẹ̀ àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ sì kọ́kọ́ mu ún kí wọ́n tó fún aláìsàn.

Fún fáíbíródì, àpòpọ̀ tó lókìkí jù lọ́hùn-ún ni èyí tí wọ́n ń pè ní Guizhi Fuling. Oníṣègùn àtijọ́ kan, Zhang Zhongjing, ló kọ ọ́ sílẹ̀ ní nǹkan bí 1,800 ọdún sẹ́yìn. Ohun márùn-ún ló wà nínú rẹ̀: ẹ̀ka igi sínámọ́nì, irú olú kan tó ń hù lára gbòǹgbò igi páìnì, gbòǹgbò òdòdó peony, èèpo gbòǹgbò peony irú mìíràn, àti kóró inú èso píìṣì. Àwọn dókítà ilẹ̀ Jàpáánù náà ń kọ ọ́ fún aláìsàn títí di òní. Ẹ ò rí i pé ó ní orúkọ, ó ní èròjà tí a lè kà, ó sì ní òdiwọ̀n.

Àjọ Cochrane, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti kó gbogbo ìwádìí lórí oògùn jọ kí wọ́n sì tú u wò, ṣe àyẹ̀wò egbòogi fún fáíbíródì ní 2013. Ìwádìí 21 ni wọ́n rí, tí obìnrin 2,222 kópa nínú wọn. Ibi tí ìrètí wà jù ni pé Guizhi Fuling tí wọ́n fi kún oògùn òyìnbó kan, mifepristone, dín kókó náà kù ju mifepristone nìkan lọ. Ṣùgbọ́n ìdájọ́ wọn ni pé ọ̀pọ̀ ìwádìí náà kò dúró dáadáa, pé ẹ̀rí kò tí ì tó láti sọ pé kí obìnrin lò ó tàbí kí ó má lò ó. Wọn kò sọ pé kò ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá ń fi ìwádìí yìí polówó ọjà kò kà á dé ìparí, ẹni tó bá sì ń fi í bú àwọn ará Ṣáínà kò kà á dáadáa.

Ohun tó ń dé Ìtòkú ńkọ́? Èyí tí wọ́n ń gbé wá bá wa kì í sábà jẹ́ Guizhi Fuling. Púpọ̀ nínú rẹ̀, kò sí èdè tí a gbọ́ lára páálí rẹ̀ tó sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ìgò kan náà ni wọ́n ní ó wà fún fáíbíródì, jẹ̀díjẹ̀dí, àtọ̀gbẹ, ojú tó ń ṣú àti àwọn bàbá tí ìtọ̀ ń há mọ́. Bí ẹ bá rí nọ́ńbà NAFDAC lára rẹ̀, ẹ wo ìparí nọ́ńbà náà. Bí lẹ́tà L bá wà níbẹ̀, ìforúkọsílẹ̀ egbòogi ni. Wọn kò yẹ ìlérí ìwòsàn rẹ̀ wò, ó sì yẹ kí ó hàn lára páálí náà pé NAFDAC kò tí ì yẹ̀ ẹ́ wò. Lẹ́tà tó kéré jù lára páálí ni wọ́n sábà máa ń fi kọ gbólóhùn yẹn.

Ewé sì lè jà. Egbòogi Ṣáínà tí wọ́n ń pè ní danggui, tí wọ́n ń fi sínú oògùn obìnrin, máa ń fi agbára kún warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, tí ẹ̀jẹ̀ yóò sì máa ya lára ẹni tó bá lò wọ́n pọ̀. Gbòǹgbò licorice, tó wà nínú àìmọye àpòpọ̀ wọn, lè gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè. Ní ìlú Brussels lórílẹ̀-èdè Bẹ́ljíọ̀m, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, wọ́n fún àwọn obìnrin tó fẹ́ dín sísanra kù ní egbòogi Ṣáínà. Orúkọ ewé méjì jọra, ni wọ́n bá fi ọ̀kan rọ́pò èkejì láìmọ̀. Kíndìnrín obìnrin tó lé ní ọgọ́rùn-ún ló bàjẹ́, jẹjẹrẹ ọ̀nà ìtọ̀ sì mú àwọn kan nínú wọn lẹ́yìn náà.

Kí a má baà sọ pé àwa apòògùn ń gbè sẹ́yìn ilé ìwòsàn: oògùn òyìnbó náà ń pa ènìyàn lára. Ulipristal jẹ́ oògùn fáíbíródì tí àwọn dókítà Yúróòpù ń kọ. Nígbà tí ẹ̀dọ̀ àwọn obìnrin díẹ̀ bàjẹ́, tí ó di pé wọ́n ń pààrọ̀ ẹ̀dọ̀ fún àwọn kan, àwọn aláṣẹ ibẹ̀ ká ìlò rẹ̀ kò láàárín 2018 sí 2021. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ẹnìkan wà tó ń ka iye ẹni tí ó pa lára. Ta ló ń ka ti ìgò tí wọ́n tà fún yín lẹ́yìn ìrun Jímọ̀?

Èyí mú wa dé orí ohun tó ń bí wa nínú jù, ìyẹn àwọn kókó róbótó tí wọ́n fi aṣọ funfun pẹlẹbẹ wé, tí okùn so mọ́ ìdí rẹ̀, tí wọ́n ní kí obìnrin kì sí ojú ara fún odindi ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n ní ó ń fa fáíbíródì jáde. Nígbà tí ohun funfun tó jọ awọ bá wá ń bọ́, wọn á ní, "Ẹ ò rí i? Fáíbíródì náà ló ń jáde yẹn." Ẹ̀yin ìyá wa, kò rí bẹ́ẹ̀. Inú ẹran ilé ọmọ ni fáíbíródì ti hù, ẹnu ọ̀nà ilé ọmọ tó pa dé sì wà láàárín òun àti ojú ara. Ohun tí ẹ ń rí ni omi ara àti awọ ojú ara tí egbòogi gbígbóná náà ti jó bó, pẹ̀lú ìdàrọ́ egbòogi fúnra rẹ̀. Ohunkóhun tó bá pẹ́ níbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta di ilé fún kòkòrò àìfojúrí, àwọn kòkòrò kan sì wà tí májèlé wọn ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ tí í sì í pani láàárín ọjọ́ díẹ̀. Bí ẹni tó lò ó bá ní ibà líle, èébì, òòyì tàbí tí ara rẹ̀ pọ́n bí ẹni tí oòrùn pa, kí ó fa nǹkan náà yọ kí ó sì forí lé ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀sìn wa kọ́ wa ní ìmọ́tótó, omi lásán ló sì kọ́ wa láti fi ṣan ìta. Inú lọ́hùn-ún, bí Ọlọ́hun ṣe dá a, ó ń fọ ara rẹ̀.

Ohun mìíràn tún wà tó kan Mùsùlùmí. Ejiao jẹ́ oògùn Ṣáínà fún àwọn obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára wọn tàbí tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò tó, wọ́n sì ń fi í sínú àwọn àpòpọ̀ mìíràn. Awọ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni wọ́n ń sè títí yóò fi dì bí gọ́ọ̀mù. Ọjà yìí ló fa òwò awọ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ní ilẹ̀ wa Áfíríkà, títí tí Ìṣọ̀kan Áfíríkà fi fi òfin dè é ní February 2024. Ẹ sì mọ̀ pé Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọ ẹran kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ilé fún àwọn Sọ̀hábà ní Khaybar. Bí ẹ bá rí orúkọ yìí lára páálí, ẹ bi àáfáà yín kí ẹ tó mu ún. Bákan náà ni ti egbòogi tí wọ́n rẹ sínú ọtí, ìbáà jẹ́ ti Ṣáínà tàbí ti ìyá ẹlẹ́wé tó wà ní ìsàlẹ̀ títì.

Ẹ jẹ́ kí a wá sórí ohun tó ń dẹ́rù bà wá gan-an, nítorí orí rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Lójú tiwa, ewu tó wà nínú ohun tí ìgò ṣe fún obìnrin kò tó ewu tó wà nínú ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí i nígbà tó ń dúró de ìgò. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n ní kí ó fi mu ún, ó di oṣù mẹ́fà, wọ́n ní kí ó fi omìíràn kún un. Ní gbogbo àkókò yìí, ẹ̀jẹ̀ ń lọ. Kì í lọ lẹ́ẹ̀kan náà tí ènìyàn yóò fi kígbe. Díẹ̀díẹ̀ ni, ara á sì máa fara mọ́ ọn, títí obìnrin tí a jọ kí lánàá yóò fi dá kú nídìí omi àlùwàlá.

Ẹ wo àwọn àmì yìí lára ìyàwó yín, ìyá yín tàbí ọmọ yín obìnrin. Nǹkan oṣù tó ju ọjọ́ méje lọ. Páàdì tó ń kún láàárín wákàtí kan sí méjì. Ẹ̀jẹ̀ dídì ńláńlá. Kí àyà máa lù kìkì bí ó bá gun òkè, Abẹ́òkúta wa yìí sì kún fún òkè. Kí inú ìpéǹpéjú àti àtẹ́lẹwọ́ funfun. Kí ó máa wù ú láti rún yìnyín, ìrẹsì tútù tàbí ẹfun lẹ́nu. Àwọn ará ilé á máa fi èyí ṣe ẹ̀rín, ṣùgbọ́n ara tí áyọ́ọ̀nù ti tán nínú rẹ̀ ló ń béèrè. Àyẹ̀wò PCV kò gba ju ìkán ẹ̀jẹ̀ kan lọ, owó rẹ̀ sì kéré sí ti ìgò kan ṣoṣo. Ti obìnrin tí kò lóyún yẹ kí ó tó 36. Bí ó bá ti wà ní 24 tàbí sísàlẹ̀, ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn ni, lọ́jọ́ náà gan-an.

Bí wọ́n bá fún yín ní oògùn áyọ́ọ̀nù, ẹ má fi tíì gbé e mì. A rí àwọn ìyá tó ń mu tíì aláwọ̀ ewé ti Ṣáínà fún fáíbíródì, tí wọ́n sì ń fi tíì kan náà gbé áyọ́ọ̀nù mì láràárọ̀. Tíì á dè é mọ́lẹ̀, kò ní wọ inú ẹ̀jẹ̀. Omi ọsàn ni kí ẹ fi gbé e, kí wákàtí méjì sì wà láàárín rẹ̀ àti tíì. Lórí tíì yẹn náà, àwọn onímọ̀ ní Íjíbítì gbé ìwádìí kékeré jáde ní 2013: obìnrin 33, mílígíráàmù 800 èròjà tíì tí wọ́n yọ lójoojúmọ́ fún oṣù mẹ́rin, fáíbíródì àwọn tó lò ó sì fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta dín kù. Ó wúni lórí, ṣùgbọ́n kápúsù tí wọ́n wọ̀n ni, kì í ṣe ife tíì, irú èròjà tó le bẹ́ẹ̀ sì ti pa ẹ̀dọ̀ àwọn kan lára.

Ọ̀pọ̀ obìnrin ń sá fún ilé ìwòsàn nítorí wọ́n rò pé ọ̀bẹ ló ń dúró dè wọ́n, tàbí pé wọn yóò yọ ilé ọmọ wọn. Kò rí bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Tranexamic acid wà tó ń dín ẹ̀jẹ̀ kù ní ọjọ́ tí nǹkan oṣù bá wà níta, bí ẹ̀jẹ̀ kò bá ti dì sí ẹsẹ̀ tàbí ẹ̀dọ̀fóró ẹni náà rí. Oògùn tó ń dá èròjà ara obìnrin dúró fún ìgbà díẹ̀ wà, iṣẹ́ abẹ tó ń yọ kókó nìkan tí ilé ọmọ yóò sì dúró náà wà. Ẹni tí fáíbíródì rẹ̀ kò yọ ọ́ lẹ́nu, dókítà lè ní kí ó kàn máa ṣọ́ ọ. FMC wà ní Ìdí-Àbà, Ilé Ìwòsàn Ìjọba wà ní Ìjàyè, Sacred Heart sì ti wà ní Làńtòrò láti 1895. Kò sí èyí tó jìnnà sí Ìtòkú.

Ti ìrun ńkọ́? Obìnrin mìíràn kò kírun fún oṣù kan gbáko nítorí ẹ̀jẹ̀ kò dá. Fátímà ọmọ Àbú Hubaysh gbé irú ọ̀rọ̀ yìí lọ bá Ànábì, ìdáhùn rẹ̀ sì ni pé ẹ̀jẹ̀ iṣan ni, kì í ṣe nǹkan oṣù: kí ó fi ìrun sílẹ̀ ní iye ọjọ́ tí nǹkan oṣù rẹ̀ máa ń gbà, lẹ́yìn náà kí ó wẹ̀, kí ó sì máa kírun. Ní mẹ́dẹ́ébù Málíkì tí ọ̀pọ̀ wa ń tọ̀, nǹkan oṣù kì í kọjá ọjọ́ 15. Ẹ̀jẹ̀ tó bá ju ìyẹn lọ, ẹ̀jẹ̀ àìsàn ni. Kí ó fi páàdì di ara rẹ̀, kí ó ṣe àlùwàlá bí àkókò ìrun bá wọlé, kí ó sì gba ààwẹ̀ rẹ̀ bí agbára bá gbé e. Àáfáà ló ni kíkún ọ̀rọ̀ yìí. Tiwa ni pé bí Ànábì bá ti sọ pé kì í ṣe nǹkan oṣù, ẹ jẹ́ kí a tọ́jú rẹ̀ bí àìsàn.

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń tà á, a mọ̀ yín, a jọ ń kírun ni. Hádíìsì kan wà nínú ìwé Àbú Dáwúdà pé ẹni tó bá ń ṣe ìṣègùn tí a kò mọ̀ ọ́n mọ́ ìṣègùn, ọrùn rẹ̀ ni ohun tó bá bàjẹ́ wà. Ẹ rò ó wò kí ẹ tó sọ fún aláboyún tàbí ẹni tó ń wá ọmọ pé kò séwu. Kóró píìṣì, àwọn ará Ṣáínà fúnra wọn ń kìlọ̀ fún aláboyún lórí rẹ̀.

Bí ẹnìkan bá ti pinnu pé òun yóò dán an wò, a kò ní lé e. Ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ ṣe skáànù tí wọn yóò kọ iye kókó, ibi tí wọ́n wà àti ìwọ̀n wọn ní sẹ̀ǹtímítà sílẹ̀. Kí ó ṣe PCV. Kí ó dá gbèdéke oṣù mẹ́ta, kí ó padà sí ibi skáànù kan náà, kí ó sì fi ìwé méjèèjì wéra. Bí PCV bá lọ sílẹ̀ kí oṣù mẹ́ta tó pé, ìdánwò ti parí. Bí funfun ẹyinjú bá di àwọ̀ ìyeyè, tàbí tí ìtọ̀ dúdú bí kóòkì, ẹ̀dọ̀ ló ń ké, kí ó dá a dúró lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀yin ọkọ, ẹ̀yin lẹ ń sanwó ìgò, ẹ bá wọn lọ síbi skáànù pẹ̀lú. Lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, lẹ́yìn àsàlátù, a wà ní ibi tí a máa ń wà. Ẹni tó bá ń bọ̀, kí ó mú páálí, ìgò, ìwé skáànù àti gbogbo oògùn mìíràn tó ń lò dání, pàápàá ti ẹ̀jẹ̀ ríru. Bí oògùn bá ti tán nínú ìgò náà, ẹ má fọ̀ ọ́. Bí ó ṣe wà ni kí ẹ gbé e wá.